Kì í Ṣe Gbogbo Olú Ló Ń Jẹ́ Olú

Ẹ̀yin olóòtú wa, okun o. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ara wa lọ́dọ̀ tiwa níbí, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa pe gbogbo wa ní Okun, àtọmọ Owé àtọmọ Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, a ò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín. Tó bá dé Kábà, ẹ̀gbọ́n mi á rà á, tó bá kà á tán á fi rán ọlọ́kadà sí mi ní Ìyàrà, torí náà tí lẹ́tà mi yìí bá pẹ́ kó tó kàn yín lára ẹ má bínú, ìwé yín náà ló kọ́kọ́ pẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi.

Ohun tó gbé kálàmù sí mi lọ́wọ́ ni ohun tí ẹnì kan kọ sí ojú ìwé àwọn ọmọdé, pé àwa Yorùbá ò ní orúkọ fún oríṣiríṣi olú, pé "olú" náà ni gbogbo ẹ̀ ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa, pé òyìnbó ló mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo kà á sí màámi létí. Màámi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ àmọ́ etí ṣì mú. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, "Ẹni tó kọ ìyẹn, ṣé ilé ni wọ́n bí i sí àbí inú mọ́tò?" Èyí tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e ò ṣeé tẹ̀ jáde.

Èmi ò ní sọ pé irọ́ pátápátá ni ẹni yẹn pa o. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kọ́ àwọn ọmọ, mo mọ̀ pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mo sì máa débẹ̀. Ohun tó ká mi lára ni pé ó sọ ọ́ bíi pé wọ́n bí ìmọ̀ olú mọ́ àwọn òyìnbó ni. Wọn ò bí i mọ́ wọn. Ó pẹ́ gan-an tí olú fi dà wọ́n lórí rú. Ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn gbà pé olú àti ebu, èyí tó máa ń bo oúnjẹ tó ti bu, ò ní irúgbìn rárá, pé tí nǹkan bá ti jẹrà ó kàn máa ń ti inú ìjẹrà yọ jáde fúnra ẹ̀. Ará Florence kan ní Ítálì, Pier Antonio Micheli, ló fi ìwé kan síta lọ́dún 1729, ó ní irọ́ ni, òun rí irúgbìn lára wọn, ó kéré bí àtíkè, òun sì gbé e sórí ègé mẹ́lọ̀n, ebu tí òun sì gbìn náà gẹ́lẹ́ ló hù. Ẹ wò ó, ègé mẹ́lọ̀n o, kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ò gbà á gbọ́. Nígbà tí Linnaeus, ará Sweden tó fún ewéko ayé lórúkọ, kó ìwé tiẹ̀ jáde lọ́dún 1753, gbogbo olú tí abẹ́ ẹ̀ bá ti rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ojú ìwé, agbọ̀n kan ṣoṣo ló kó gbogbo wọn dà sí, ó pè é ní Agaricus. Ṣé ẹ rí i báyìí? Àwọn náà, "olú" ni gbogbo ẹ̀ ń jẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn.

Ẹni tó da agbọ̀n yẹn sílẹ̀ tó jókòó tì í tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọdé. Christiaan Hendrik Persoon lorúkọ ẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà yìí ni wọ́n ti bí i o, ní Cape of Good Hope, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní Gúúsù Áfíríkà, lọ́dún 1761, nígbà tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Dutch ló ń jọba níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má lọ máa pariwo pé ọmọ wa ni, òyìnbó ni, Pomerania, ẹkùn kan ní Yúróòpù, ni bàbá ẹ̀ ti wá, ọmọ Dutch ni ìyá ẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ ibí náà ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n bí i tí ìyá ẹ̀ fi kú. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 13, bàbá ẹ̀ ní kó lọ kàwé ní Yúróòpù, ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi, nígbà tó máa fi tó bí ọdún kan bàbá náà ti kú. Ẹ̀yin tí wọ́n ti rán lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí rí nígbà tí ẹ ò tíì gbọ́n tán, tí ẹ ń ka ọjọ́ tí ẹ máa padà sílé, ẹ ó mọ bó ṣe máa ń ṣe ọmọ. Ti ẹni yìí ò wá ní ilé tó máa padà sí.

Ẹ̀kọ́ ìsìn ló kọ́kọ́ lọ kọ́ ní Halle ní Jámánì. Nígbà tó di 1784 ó fi í sílẹ̀, ó ní ìmọ̀ ìṣègùn ni òun ń ṣe, ó lọ sí Leiden ní ilẹ̀ àwọn Dutch, ó tún lọ sí Göttingen ní Jámánì. Ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ mọ ewéko, ẹ̀kọ́ dókítà ló máa gbà wọlé torí inú ewéko ni oògùn ti ń jáde, bíi ti àwọn adáhunṣe tiwa náà. Inú ewéko yẹn náà ló ti kó sínú olú, kò sì jáde mọ́ títí ó fi kú.

Lọ́dún 1801 ó kó ìwé kan jáde, Synopsis Methodica Fungorum. Èdè Látìnì ni, mi ò ní purọ́ pé mo kà á. Mo mọ ohun tó ṣe nínú ẹ̀ sha. Ó kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ pé, níbo ni olú yìí ń tọ́jú irúgbìn ẹ̀ sí? Àwọn kan dì í sínú bí ẹni dì owó sí etí aṣọ, àwọn kan tẹ́ ẹ síta gbangba. Ó pín wọn sí méjì níbẹ̀, látibẹ̀ ló ti ń tú wọn sí wẹ́wẹ́. Ẹ wo olú roboto funfun kan tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì tó máa tú èéfín bùù, àwọn ọmọ mi ò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé torí mo ti nà wọ́n lórí ẹ̀ rí. Kì í ṣe èéfín o, irúgbìn ni, ó dì í sínú ni, ó ń dúró de ẹsẹ̀ tó máa tẹ̀ ẹ́ tàbí òjò tó máa kán lù ú. Ọ̀kan wà nínú ìdílé yẹn tó ń jẹ́ Lycoperdon perlatum Pers. Ẹ wo "Pers." yẹn tó wà lẹ́yìn, Persoon ni. Ibikíbi láyé tí onímọ̀ bá ti kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lónìí, orúkọ ọmọ aláìníyàá yẹn ló ń kọ mọ́ ọn.

Ìwé yẹn jinlẹ̀ débi pé, nígbà tí àwọn onímọ̀ jókòó tí wọ́n ń ṣòfin orúkọ, wọ́n ní fún àwọn ebu tó ń mú ewé dógùn-ún, àwọn tó ń sọ ọkà di èédú, àtàwọn olú alápò, orúkọ èyíkéyìí tó bá ti wà ṣáájú ìwé Persoon ti 1801 kò kà. Ọdún 1981 ni wọ́n tó yí òfin yẹn padà níbi ìpàdé wọn ní Sydney, wọ́n sì tún fi ààbò sórí àwọn orúkọ tó lò kí ẹnikẹ́ni má baà yẹ̀ wọ́n.

Kẹ́ ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáko àgbàdo ní Bùnú àti Ìyàgbà, ṣebí ẹ máa ń rí i nígbà tí òjò bá pọ̀, tí ewé àgbàdo á dógùn-ún, èèyàn á gba àárín ebè kọjá, ṣòkòtò á pọ́n bí ẹni tó ti ń lọ osùn. Ebu ni. Puccinia ni wọ́n ń pe ìdílé ẹ̀, Persoon ló mú orúkọ yẹn dúró, òun náà ló sọ èyí tó ń ba ọkà wíìtì jẹ́ lórúkọ, Puccinia graminis. Èyí tó ń yọ àgbàdo wa lẹ́nu jù, Amẹ́ríkà ló ti wá, 1949 ló yọjú ní ẹ̀gbẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yìí, kò sì pẹ́ tó fi la Áfíríkà kọjá dé òdìkejì. Bí wọn ò bá ti mọ orúkọ ẹ̀ àti ilé ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ta ni ì bá mọ ibi tó ti wá?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo bí ayé ṣe san án fún un. 1802 ló kó lọ sí Paris, ibẹ̀ ló sì kú sí. Kò níṣẹ́, kò láya, kò bímọ. Yàrá òkè ló rẹ́ńtì nínú ilé kan ní àdúgbò tálákà, ó há ara ẹ̀ mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú olú gbígbẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde sí àwùjọ, lẹ́tà nìkan ló ń kọ. Gbogbo ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ń kọ̀wé sí i, wọ́n ń bi í pé kí lèyí kí lọ̀hún, ó ń dá wọn lóhùn, kò sí yunifásítì kan tó fún un ní àga. Nígbà tí ebi fẹ́ pa á, ó kó gbogbo ewé àti olú gbígbẹ tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ kó jọ fún ìjọba ọba Dutch, kí wọ́n lè máa fún un ní pẹ́ńṣàn títí ó fi máa kú. Inú Leiden ni ẹrù náà wà títí dòní. Èmi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí mọ pẹ́ńṣàn dáadáa, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká wọ ibẹ̀, mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì kankan, mo kàn mọ̀ pé èmi ò ní olú gbígbẹ tí mo lè fi pààrọ̀ tèmi ni. 1836 ló kú, wọ́n sin ín sí Père Lachaise, ibi tí wọ́n ń sin àwọn ẹni ńlá ìlú Paris sí. Ẹni tí kò rí yàrá gidi gbé, ó wá rí ibi ńlá sùn. Wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ igi kan ní Australia, Persoonia, wọ́n tún fi sọ ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ olú tó bẹ̀rẹ̀ ní Leiden.

Ọ̀dọ́ kan gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, Elias Fries, ará Sweden, wọ́n bí i lọ́dún 1794. Tiẹ̀ ló mú mi rántí màámi jù. Ọmọ ọdún 12 ni, ó bá ìyá ẹ̀ lọ ṣa èso nínú igbó tí iná ti jó, ló bá bá olú ńlá kan pàdé lára igi, ó rí bí iyùn, ojú ẹ̀ ò kúrò lára olú mọ́ látọjọ́ náà. Kò rí ìwé tó máa sọ orúkọ wọn fún un, ó bá ń sọ wọ́n lórúkọ fúnra ẹ̀, kó tó jáde ilé-ìwé ó ti mọ irú 300 sí 400, tí gbogbo wọn ní orúkọ tí òun fúnra ẹ̀ fún wọn. Nígbà tó dàgbà ó ní ká wo àwọ̀ irúgbìn olú, ṣé funfun ni, ṣé ó pọ́n, ṣé ó dúdú, pé àwọ̀ yẹn kì í purọ́ bí òkè ẹ̀ ṣe ń purọ́.

Mo dán ìyẹn wò. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ tó kọjá, èmi àti màámi lọ sí ẹ̀yìn oko, ibi òkìtì ọ̀gán kan tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka, wọ́n ní tákété ti yọ níbẹ̀ yẹn. Báwo lẹ ṣe rí i, ẹ ẹ̀ ríran? Wọ́n ní òórùn ẹ̀ ni. Mo yọ ọbẹ, wọ́n kígbe mọ́ mi, wọ́n ní kò ṣeé fi ọbẹ gé, kí n rọra fi ìka wa ilẹ̀ tẹ̀ lé ìdí ẹ̀. Ìdí ẹ̀ gùn bí ìrù eku, ó ń lọ sísàlẹ̀ sínú ilé ikán, mo wà á títí èékánná fi fẹ́ ya, ló bá já pó. Wọ́n ní, "O ti fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ikán." Ikán ló ni ín lóòótọ́ o. Àwọn ló ń dáko ẹ̀ sínú ilé wọn, wọ́n ń kó igi àti ewé gbígbẹ wọlé, olú á bá wọn sọ ọ́ di ohun tó ṣeé jẹ, ó ti tó 30 mílíọ̀nù ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀, àgbẹ̀ ni wọ́n kí ọmọ aráyé tó mọ ebè. Roger Heim, ará Faransé, ló fún ìdílé yẹn lórúkọ tí ìwé ń pè é, Termitomyces, lọ́dún 1942. Màámi ti ń jẹ ẹ́ nígbà náà.

Nígbà tá a délé mo gé orí ọ̀kan, mo dojú ẹ̀ dé orí ojú ìwé tí mo já nínú ìwé ọmọ, mo fi abọ́ dé e mọ́lẹ̀ di àárọ̀. Wọ́n ní mo fi ọbẹ̀ ṣòfò. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lórí bébà, gbogbo wọn kọrí sí àárín bí ọ̀pá inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, àwọ̀ ẹ̀ dà bíi kéèyàn po osùn díẹ̀ mọ́ ẹfun. Mo gbé e sún mọ́ ojú màámi. Wọn ò rí i. Wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n fi ra ara wọn, wọ́n ní "ó kúnná ju ẹ̀lùbọ́ lọ," wọ́n sì nù ún sára ìró. Bí ẹ̀rí mi ṣe lọ nìyẹn.

Ọmọ àbúrò mi tó wá kí wa láti Lọ́kọ́ja yọ fóònù, ó ní app kan wà tó mọ gbogbo olú ayé. Ó ya fọ́tò, app dárúkọ olú kan tó ń hù ní Yúróòpù. Màámi bi í pé fóònù yẹn ti jẹ ẹ́ rí ni?

Mo bá mú ìwé tuntun, mo ní kí màámi máa kà á fún mi. Tákété. Olú ọ̀rán, wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń tẹ́ ilẹ̀ funfun bí ẹni da ìrẹsì nù. Ẹsẹ̀ adìyẹ tó ń hù lára igi gbígbẹ, tó yi lẹ́nu bí rọ́bà. Èyí tó ń hù látara ohun kan bí iṣu dúdú, tó jẹ́ pé inú ẹ̀ funfun, tí wọ́n ń tà lọ́jà. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ, wọ́n ń sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń hù, ìgbà tó ń yọ, èyí tí aláboyún ò gbọ́dọ̀ jẹ, èyí tó dáa mọ́ ẹ̀gúsí. Títí dòní orúkọ 11 ló wà nínú ìwé mi, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Ìyàgbà sì ti ní mẹ́ta nínú ẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ làwọn ń pè é nílé tiwọn, a ti ń jà lórí ẹ̀.

Òtítọ́ tí mo ní mo máa débẹ̀ ló kù yìí. Mo bi màámi lórúkọ ọ̀kan tó funfun, tó wọ yẹ̀rì lọ́rùn, tó sì gbé ìdí sínú ohun kan bí àpò. Wọ́n ní, "Ìyẹn ò lórúkọ, fi sílẹ̀ níbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ń dá èyí tó ń pani mọ̀, èyí tí a kì í jẹ kò ní orúkọ. Ó ti gba ẹ̀mí là, mi ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ ibi tí àbùkù tiwa wà nìyí, ohun tó lè wọ ìkòkò nìkan la sọ lórúkọ. Persoon sọ eléyìí náà lórúkọ, ìdílé Amanita, lọ́dún 1797, àwọn kan wà nínú ẹ̀ lókè òkun tó jẹ́ pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò ní mọ nǹkan kan fún bíi wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ kan, á wá máa bì, á máa yàgbẹ́, ó lè wá fúyẹ́ díẹ̀ kí wọ́n máa dúpẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀dọ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀. Sísè ò lè pa májèlé yẹn. Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kiri pé tí kòkòrò bá ti jẹ olú, èèyàn náà lè jẹ ẹ́, irọ́ ni, kòkòrò ń jẹ ọ̀pọ̀ tó ń pa èèyàn. Ẹni tí ìyá ẹ̀ ò bá fi han án, kó lọ ra ẹja.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín, olóòtú: ẹ fún wa ní igun kékeré kan lójú ìwé àwọn ọmọdé yẹn, bó jẹ́ ìlà mẹ́wàá lọ́sẹ̀, kí ẹni tó wà ní Ẹ̀gbẹ́, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà, ní Ògìdì kọ orúkọ olú tí wọ́n ń pè nílé wọn ránṣẹ́, kó sọ ibi tó ń hù àti oṣù tó ń yọ. Kí wọ́n fi orúkọ èyí tí a kì í jẹ náà kún un, bí kò bá ní, kí ọmọ náà fún un lórúkọ bíi ti Fries. Kí wọ́n yára o, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àwọn tó ríran kò lọ sóko.

Màámi ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó kọ̀wé yẹn lè máa bọ̀ ní Ìyàrà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, àwọn á se ọbẹ̀ olú fún un. Wọ́n ní kó mú bàtà tó ga dání, kó má sì mú ọbẹ.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìyàrà, Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí.